Àárò Géèmù Ìgbà Èwe: Ohun tí Ó Wà Nínú Rẹ̀ fún Olùkọ́

Àṣamọ̀

Àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ṣe géèmù lórí amóhùnmáwòrán láàrin nǹkan bí ọdún 1985 sí 2005 ti di òbí àti olùkọ́ báyìí, àárò àwọn géèmù náà sì ń sọ wọ́n. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí àárò jẹ́, ó tọpa bí díẹ̀ lára àwọn géèmù àtijọ́ ṣe dé ọwọ́ ọmọdé, ó sì yẹ ọgbọ́n ìkọ́ni tí ó wà nínú wọn wò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ohun méjì ni ó lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú àárò yìí: ìfẹ́ àwọn ènìyàn tí a jọ ṣeré, àti iyì eré tí a ṣe dáadáa. Olùkọ́ tí ó bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò rí ẹ̀kọ́ mú lọ sí kíláàsì. Èyí tí kò bá lè yà wọ́n yóò kàn máa fi ìgbà tirẹ̀ bú ìgbà àwọn ọmọ ni.

1.0 Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti tó ẹni ogójì ọdún máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹrí ba sórí fóònù. Wọn a ní, "Géèmù ìgbà tiwa kọ́ nìyí." Bí a bá ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí géèmù ìgbà tiwọn fi dára ju ti ìsinsìnyí lọ, ọ̀rọ̀ nípa géèmù gan-an kì í sábà pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọn a máa sọ nípa yàrá kan ní àdúgbò tí ọmọ méje tàbí mẹ́jọ ti pé lé amóhùnmáwòrán kan, pádì méjì péré tí ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ̀gbọ́n tí kì í fẹ́ gbé pádì sílẹ̀, àti iná mànàmáná tí ó lọ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n borí.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni àárò yìí ń wá gan-an, kí sì ni olùkọ́ lè fi ṣe? Ìbéèrè náà ṣe pàtàkì nítorí pé ẹni tí ó ń kọ́ ọmọdé kò lè ṣe kí ó má fi ìgbà èwe tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Bí òṣùwọ̀n náà bá wọ́, ìdájọ́ rẹ̀ lórí àwọn ọmọ yóò wọ́ pẹ̀lú.

2.0 Kí ni Àárò?

Nínú èdè Yorùbá, a kì í sọ pé ènìyàn ṣe àárò. A máa ń sọ pé "àárò ilé ń sọ mí." Bí a bá wo ìhun gbólóhùn yìí, a ó rí i pé àárò ni olùwà, ènìyàn sì ni àbọ̀. Àárò ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà sí ènìyàn lára. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ yàn. Bákan náà, bí a bá ṣe àkíyèsí àwọn ohun tí àárò wọn máa ń sọ ni, a ó rí i pé ènìyàn ni wọ́n, tàbí ibi tí ènìyàn wà: ìyá, ọ̀rẹ́, ilé, ìlú. A kì í sábà gbọ́ pé àárò àga ń sọ ẹnì kan, àfi bí ó bá jẹ́ àga tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó lé.

Ohun tí ìlò èdè yìí ń tọ́ka sí kò jìnnà sí ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ní ọdún 1688, Johannes Hofer, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Basel ní ilẹ̀ Swítsàlandì, mú ọ̀rọ̀ Gíríkì méjì, èyí tí ó túmọ̀ sí ìpadàbọ̀ sílé àti èyí tí ó túmọ̀ sí ìrora, ó sì so wọ́n pọ̀ láti fi pe àárò ilé lórúkọ. Àìsàn ni ó kà á sí. Èrò yìí pẹ́ kí ó tó yí padà. Ní ọdún 2006, Tim Wildschut, Constantine Sedikides àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé nínú ìrántí tí ó kún fún àárò, ẹni tí ó ń rántí a máa wà láàrin àwọn tí ó sún mọ́ ọn, àti pé irú ìrántí bẹ́ẹ̀ a máa jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé òun kò dá wà. Ní ojú tiwọn, àárò kì í ṣe àìsàn. Ó wúlò fún ẹ̀mí ènìyàn.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí tún ti ṣe àkíyèsí pé bí ènìyàn bá ti dàgbà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i láàrin nǹkan bí ọmọ ọdún 10 sí ọdún 30 ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń rántí. Ìdí nìyí tí orin, aṣọ àti eré ìgbà náà fi máa ń dà bí ohun tí ó ga ju ti ìgbà mìíràn lọ. Èyí kò fi hàn pé ìgbà náà ga jù lóòótọ́. Ohun tí ó fi hàn ni pé ibẹ̀ ni ìrántí wa pọ̀ sí.

3.0 Bí Géèmù ṣe Dé Ọwọ́ Ọmọdé

Ní ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé Pong jáde, eré tí ó fara jọ téníìsì orí tábìlì. Ní Jàpáànù, Space Invaders tí Tomohiro Nishikado ṣe jáde ní ọdún 1978, Pac-Man tí Toru Iwatani ṣe sì tẹ̀lé e ní ọdún 1980. Inú àpótí ńlá tí a ń fi owó ẹyọ sí ni àwọn géèmù wọ̀nyí wà, ní ibi ìgbafẹ́ àti ilé ọtí. Ní oṣù Keje ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé Famicom jáde ní Jàpáànù, ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ amóhùnmáwòrán inú ilé. Ní ọdún 1985, ó dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ mìíràn, NES. Láàrin àkókò kan náà, ní ọdún 1984, Alexey Pajitnov ṣe Tetris ní Moscow, eré tí ó fi oríṣi ègé méje, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rin kéékèèké mẹ́rin nínú, kọ́ ògiri.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ojúlówó Famicom ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́kọ́ rí ní àwọn ọdún 1990. Àdàkọ rẹ̀ tí a ṣe ní Éṣíà, tí owó rẹ̀ kò wọ́n púpọ̀, ni ó wọ ọjà. Kásẹ́ẹ̀tì kan a máa ní géèmù púpọ̀ nínú. Iye tí wọ́n kọ sí i lára sì máa ń ju iye géèmù tí ó wà nínú rẹ̀ lọ, nítorí pé wọn a tún géèmù kan náà tò lábẹ́ orúkọ mìíràn. Brick Game, ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú tí ó ń lo bátìrì, mú irú eré Tetris dé ọwọ́ ọmọ tí kò ní amóhùnmáwòrán nílé. Nígbà tí ó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1990, PlayStation ti dé, ṣọ́ọ̀bù géèmù sì ti ń yọ ní àdúgbò, níbi tí ọmọ ti ń sanwó láti gbá bọ́ọ̀lù Winning Eleven ti ilé-iṣẹ́ Konami. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Snake, tí Taneli Armanto kọ́kọ́ ṣe fún Nokia 6110 ní ọdún 1997, wá di géèmù tí òbí àti ọmọ jọ ń du fóònù kan náà fún.

Kókó kan hàn nínú ìtàn yìí. Ẹ̀rọ kò tó nǹkan, ọmọ sì pọ̀. Àìtó yìí ni ó sọ géèmù di ohun tí a ń ṣe lójú ènìyàn, tí a sì ń dúró de ìpín ẹni. Ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ lónìí, àyíká yìí gan-an wà lára ohun tí ó ń wá.

4.0 Ọgbọ́n Ìkọ́ni Inú Super Mario Bros.

Síbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan nínú géèmù wọ̀nyí jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi Super Mario Bros. ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ó jáde ní Jàpáànù ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1985. Shigeru Miyamoto ni ó darí iṣẹ́ náà, Koji Kondo ni ó ṣe orin rẹ̀. Ìpele 32 ni eré náà ní, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pátá, àwòrán, orin àti òfin, kò ju kílóbáìtì 40 lọ. Nítorí àìsí ààyè, wọ́n lo ohun kan fún iṣẹ́ méjì: àwòrán ìkùukùu ojú ọ̀run náà ni wọ́n tún lò fún igbó kékeré tí ó wà nílẹ̀, àwọ̀ nìkan ni wọ́n yí padà.

Ohun tí ó kan olùkọ́ jù ni ìpele àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ìtọ́ni kankan lójú amóhùnmáwòrán tí yóò sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe. Mario dúró sí apá òsì, ó kọjú sí ọ̀tún, ààyè gbalasa sì wà níwájú rẹ̀. Èyí nìkan ti sọ ibi tí ó yẹ kí ọmọ lọ. Láìpẹ́, ẹ̀dá kékeré kan tí ó fajú ro yóò máa bọ̀. Bí ọmọ kò bá mọ ohun tí yóò ṣe, ẹ̀dá náà yóò kàn án, Mario yóò sì kú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni ó ti lò. Ohun tí ó pàdánù kò tó nǹkan. Ní ìgbà kejì, yóò fò.

Lẹ́yìn èyí ni àpótí tí àmì ìbéèrè wà lára rẹ̀. Bí Mario bá fi orí kan ọ̀kan, owó yóò jáde. Bí ó bá kan òmíràn, olú ni yóò jáde, irú olú tí ń hù nínú oko. Níbí ni ìṣòro wà: ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé ohun tí ó bá ń rìn bọ̀ ewu ni. Báwo ni a ó ṣe kọ́ ọ pé olú yìí kì í ṣe ewu? Olú náà bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sí ọ̀tún, ó kan páìpù, ó sì yí padà sọ́dọ̀ Mario. Bí ọmọ bá fẹ́ fò sá fún un, àwọn àpótí tí ó wà lókè lè dá a padà sórí rẹ̀. Nígbà tí olú bá kàn án, Mario yóò di ńlá. Ọmọ ti kọ́ òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní ọdún 2015, Miyamoto ṣàlàyé pé ńṣe ni àwọn dìídì to ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọmọ lè fúnra rẹ̀ mọ òfin eré.

Níwájú díẹ̀, àtẹ̀gùn méjì kọjú sí ara wọn, ilẹ̀ sì wà láàrin wọn. Bí ọmọ bá ṣubú, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Lẹ́yìn wọn ni àtẹ̀gùn méjì mìíràn tí ó jọ ti ìṣáájú, ṣùgbọ́n kòtò ni ó wà láàrin ìwọ̀nyí. Olùkọ́ tí ó bá ka èyí yóò mọ̀ ọ́n: láti orí ohun tí ó rọrùn sí èyí tí ó le, láti orí ohun tí a mọ̀ sí èyí tí a kò mọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ́ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ìpele yìí ni pé ó fi ààyè sílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ ra ọmọ lọ́wọ́, láìjẹ́ pé aṣọ rẹ̀ bàjẹ́.

5.0 Ìmọ̀ Àtẹnudẹ́nu

Ohun kejì tí àárò ń pè padà ni ọ̀nà tí ìmọ̀ gbà ń tàn. Ní ọdún 1986, Kazuhisa Hashimoto ń ṣe géèmù Gradius fún Famicom ní ilé-iṣẹ́ Konami. Eré náà le fún òun fúnra rẹ̀ láti yẹ̀ wò parí, nítorí náà ó fi àṣírí kan sínú rẹ̀: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Àṣírí náà wà níbẹ̀ nígbà tí eré jáde. Konami tún lò ó nínú Contra, níbi tí ó ti ń fún òṣèré ní ẹ̀mí 30 dípò 3. Àìmọye ọmọ ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n sì há a sórí.

Ìdí tí ó fi rọrùn láti há sórí hàn sí ẹni tí ó bá mọ lítíréṣọ̀ alohùn. Àwítúnwí wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó takora wà nínú rẹ̀, méjì méjì ni ó sì ń rìn. Irú ìhun yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ orin eré ọmọdé tiwa.

Àyíká eré náà kò ṣàjèjì pẹ̀lú. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, tí ó ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, ènìyàn méjì ni ó ń ta, ṣùgbọ́n òǹwòran lè pọ̀. A mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀ta, a mọ ẹni tí ó jẹ́ òpè, òpè sì ń kọ́ ọgbọ́n nípa wíwo ọwọ́ ọ̀ta. Ọmọ tí ó jókòó sílẹ̀ nídìí amóhùnmáwòrán ní ọdún 1995, tí kò tíì kan ipa tirẹ̀, ohun kan náà ni ó ń ṣe.

6.0 Ibi tí Àárò ti Ń Tan Ni

Bí a ti yin àárò tó yìí, ó yẹ kí a sọ ibi tí kò ti ṣeé gbára lé. Èkíní, ó ń yan ohun tí ó ń rántí. Ó máa ń gbàgbé pé ọ̀pọ̀ géèmù inú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn kò dára rárá. Ó ń gbàgbé iṣẹ́ àmúrelé tí a kò ṣe, àti ọmọ tí kò ní owó ṣọ́ọ̀bù, tí ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó tún ń gbàgbé àwọn ọmọbìnrin tí a ní kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ilé nígbà tí àwọn arákùnrin wọn ń ṣeré. Bí a bá bi irú wọn léèrè, àárò tiwọn lè yàtọ̀.

Èkejì, ó ń sọ pé géèmù àtijọ́ kò lépa owó. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí kan tí géèmù inú àpótí ńlá fi le ni pé bí òṣèré bá tètè kú, yóò tètè fi owó mìíràn sí i. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ géèmù orí fóònù lónìí kò lópin, wọ́n sì ń tajà fún ọmọ láàrin eré. Olùkọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kìlọ̀ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó fi ẹ̀rí kìlọ̀, kì í ṣe àárò.

Ẹ̀kẹta, àárò a máa jẹ́ kí ìran kan rò pé òun ni ó ṣe eré gidi kẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wọlé dé ọ̀dọ̀ aráàlú, àwọn àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kédàárò eré òṣùpá àti àlọ́. Ọmọ tí wọ́n kédàárò nítorí rẹ̀ nígbà náà ni ó dàgbà tí ó ń kédàárò lónìí nítorí fóònù.

Ní ìdàkejì, a kò gbọ́dọ̀ sọ pé àárò nìkan ni ó gbé géèmù àtijọ́ ró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọmọ ọdún 13 kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà ṣe Tetris ti NES, èyí tí ó jáde ní ọdún 1989, títí géèmù náà fi dì tí kò lè lọ síwájú mọ́. Òun ni ẹ̀dá ènìyàn àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì bí i nígbà tí eré náà jáde. Kò lè jẹ́ pé àárò ìgbà náà ni ó ń sọ ọ́. Eré náà fúnra rẹ̀ ni ó fà á. Àpẹẹrẹ yìí wúlò fún wa, nítorí pé ó ya ohun méjì tí a ti ń sọ bọ̀ sọ́tọ̀: ohun tí ó jẹ́ ti ìrántí wa, àti ohun tí ọmọ tí kò ní ìrántí náà lè rí gbà nínú eré.

7.0 Ohun tí Ó Ń Parẹ́

Àwọn géèmù wọ̀nyí ń parẹ́. Ní ọdún 2023, Video Game History Foundation tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ìdá 87 nínú 100 géèmù tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010 ni a kò lè rí rà lọ́jà mọ́ ní ọ̀nà tí ó bófin mu. Bátìrì tí ó ń tọ́jú ibi tí òṣèré dé nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé àárò ń pa owó wọlé: ní ọdún 2016, Nintendo tún gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí ó ní 30 géèmù àtijọ́ nínú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá tà nìkan ni wọ́n ń mú padà.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ohun tí ó ń parẹ́ ju kásẹ́ẹ̀tì lọ. Òfin tí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe nípa ẹni tí ipa kàn, orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ẹ̀dá inú eré, ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń bú ẹni tí ó pàdánù: Yorùbá ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ Jàpáànù tí yóò bá wa tọ́jú ìyẹn.

8.0 Ìwúlò fún Olùkọ́

Ohun mẹ́ta ni a dábàá. Èkíní, kí olùkọ́ to ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí àṣìṣe àkọ́kọ́ má ṣe gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ tí ó ka ọ̀rọ̀ kan ní àkàṣì, tí gbogbo kíláàsì sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní fẹ́ kà á ní ìgbà kejì. Kí a fún un ní àyè láti tún un kà lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì le.

Èkejì, kí a fi ààyè sílẹ̀ fún ìmọ̀ tí ń ti ẹnu ọmọ dé etí ọmọ. Bí ìwé kíkà bá jẹ́ márùn-ún fún ogójì akẹ́kọ̀ọ́, kí a má ṣe ka àìtó náà sí àdánù nìkan. Bí a bá to àwọn ọmọ yí ìwé kan ká, tí wọ́n ń kà á ní ipa ní ipa, òpè yóò kọ́ lára ọ̀ta.

Ẹ̀kẹta, kí a mú géèmù wọ inú iṣẹ́ àròkọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ alálàyé ní èdè Yorùbá lórí bí a ṣe ń ṣe géèmù tí ó fẹ́ràn jù, kí ẹni tí kò ṣe é rí lè kà á kí ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ó sì fi ọ̀rọ̀ wá ẹ̀gbọ́n tàbí òbí kan lẹ́nu wò nípa géèmù ìgbà tirẹ̀, kí ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí yóò tọ́jú ohun tí a sọ pé ó ń parẹ́, yóò sì jẹ́ kí olùkọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ rí nínú géèmù tirẹ̀ kí ó tó dá a lẹ́bi.

9.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé àárò géèmù ìgbà èwe kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ó ń pe àwọn ènìyàn padà, ó sì ń tọ́ka sí iṣẹ́ ọgbọ́n tí ó wà nínú eré kan. Àwọn tí a jọ jókòó nídìí amóhùnmáwòrán nígbà náà ti túká. Géèmù kò lè kó wọn jọ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà kọ́ ara wa lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ṣì wà fún ẹni tí yóò lò ó. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Nígbà mìíràn tí olùkọ́ bá fẹ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé "Géèmù ìgbà tiwa kọ́ nìyí," kí ó kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ó sì ní kí ó kọ́ òun ní tirẹ̀.